Tọkọtaya, bọ́ọ̀lù, ọjọ́ mẹ́rin ní Köln: ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àjò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun àti ẹ̀yin tá a jọ wà ní Èkó níbí. Ẹni mẹ́ta ti bi mí bí èmi àti Bàbá Ìbejì ṣe lọ wo bọ́ọ̀lù ní Jámánì, tá a dé sí Köln, tá a sì wo bọ́ọ̀lù ní Leverkusen tó wà nítòsí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ká mi lára jù ni mo máa fi ṣáájú: ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí àwọn tó ń ṣètò líìgì wọn tó fi ọjọ́ àti aago sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wò.

Nígbà ooru tiwọn ni kàlẹ́ńdà Bundesliga, líìgì àgbà Jámánì, máa ń jáde, àmọ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Bóyá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni o, bóyá ọ̀sán Àbámẹ́ta, bóyá Àìkú, ó dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹgbẹ́ tó bá bá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn gbá bọ́ọ̀lù ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Ọjọ́bọ̀, Àìkú ni wọ́n sábà máa ń sún tirẹ̀ sí. Bàbá Ìbejì ò mọ èyí. Ohun tó ti ń gbọ́ láti kékeré ni pé Àbámẹ́ta, aago mẹ́ta ààbọ̀, ni Jámánì ń gbá bọ́ọ̀lù, ló bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé wa balẹ̀ sí Frankfurt ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Nígbà tó yá, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà sí alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mi ò lè gbàgbé bí ọkọ mi ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bà tí mo gbé ka iwájú rẹ̀ tutù, kò fọwọ́ kàn án. Owó tá a fi yí ọjọ́ bàálù padà tó owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé torí físà lẹ fi gbọ́dọ̀ tètè sanwó bàálù. Ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fi àyè pamọ́ fún yín ti tó. 90 yúrò ni físà àgbàlagbà kan, wọn kì í dá a padà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Adójútòfò ìlera yín gbọ́dọ̀ gbé 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ẹ lè gbé ìwé lọ nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n ń lò láti dáhùn, àmọ́ ó lè wọ 45, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀. Èmi ò ṣiṣẹ́ oṣù, aṣọ ni mò ń tà ní Tẹ̀júoṣó. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò mi, rìsíìtì ọjà, ìwé ìgbéyàwó wa, àti lẹ́tà láti ilé ìwé àwọn ìbejì ni mo tò pọ̀ mọ́ sìtétímẹ́ǹtì báńkì. Kálukú wa ló mú sìtétímẹ́ǹtì tirẹ̀.

Láti pápákọ̀ òfurufú Frankfurt, ọkọ̀ ojú irin tó yára ń dé Köln láàárín bíi wákàtí kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù, ọkọ̀ kan péré ló wà fún. Bí bàálù yín bá pẹ́, ó ti kú nìyẹn. Ẹ san díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gba èyí tẹ́ ẹ lè fi wọ ọkọ̀ yòówù lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ tiwa kò dé ibùdó ńlá, Deutz ló já wa sí, ní òdìkejì odò Rhine. Àyà mi já, mo rò pé a ti ṣìnà. Àṣé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti Frankfurt níbẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí. A bá fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Hohenzollern. Àgádágodo ló bo gbogbo irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pupa, aláwọ̀ wúrà, èyí tó ti dípẹtà, wọ́n gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Orúkọ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sí wọn lára. Ẹni tó bá ti tirẹ̀ tán, á ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afárá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ni Bàbá Ìbejì bá tọwọ́ bọ àpò, ó yọ àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ jáde. Láti Èkó ló ti gbé e, kò sọ fún mi. Ó ti bá mi wá a títí, mo ṣe bí ó ti sọnù nígbà tí a kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan lórí WhatsApp ta méjì fún èmi àti ìyàwó mi lọ́dún kan. Ìlẹ̀kùn pápá ni wọ́n ti dá wa padà, ẹlòmíì ti fi nọ́ńbà kan náà wọlé. Ìyàwó mi sunkún.

Bọ̀dá Düsseldorf:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò, ó dùn mí. Ojú òpó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa rà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kàádì àkáǹtì dọ́mù ni kẹ́ ẹ lò, kàádì náírà lè má gbé e. Ẹ wo ara tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa: ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ níbí, òun náà lẹ máa fi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápá àti bọ̀, ẹ má tún lọ sanwó mìíràn. Báàgì tó bá ju ìwé A4 lọ, ẹ fi sí òtẹ́ẹ̀lì. Ife tẹ́ ẹ bá fi mu nǹkan ní pápá, owó ìdúró wà lórí rẹ̀, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ gbowó yín. Ike omi tẹ́ ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù náà ní sẹ́ǹtì 25 lórí.

Ohun kan tún kù. Köln àti Leverkusen kì í rẹ́ lórí bọ́ọ̀lù. Tó bá jẹ́ Leverkusen lẹ lọ wò, sìkáàfù pupa àti dúdú yẹn, inú báàgì ni kó wà títí ẹ máa fi kúrò ní Köln. Kẹ́ ẹ sì ra oúnjẹ Àìkú yín ní Àbámẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù ń tì níbí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi àwọn tó wà nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Àǹtí Yábàá:

Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ gbádùn bọ́ọ̀lù yẹn ṣá? Èmi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá, ọkọ mi ló ń fà mí. Ṣé mo lè gbé kìlíṣí àti pọ̀nmọ́ dání?

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:

Àǹtí mi, bí ẹ ṣe wà yẹn lèmi náà wà. Bàbá mi ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nílé wa. Ó wà ní pápá ìṣeré Súrùlérè lọ́dún 1980 tí Nàìjíríà na Algeria 3–0, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, tí Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ó máa ń sọ pé ariwo ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò létí òun. Mi ò mọ ohun tó ń wí.

Pápá Leverkusen kò tóbi, èèyàn 30,210 ló ń gbà, ibi ìjókòó wa sún mọ́ koríko débi pé a ń gbóòórùn rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú á pe orúkọ àkọ́kọ́ agbábọ́ọ̀lù, gbogbo pápá á sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ dáhùn. Ó pe ti àwọn kan, mi ò mọ̀ wọ́n. Ó wá ní "Nathan!" Gbogbo àwọn Jámánì wọ̀nyẹn, arúgbó, ọmọdé, obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́jìká, wọ́n fi gbogbo ẹnu pariwo pé "Tella!" Orúkọ ìdílé tó wà ládùúgbò wa! Omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi ti kú, mi ò bá pè é lórí fóònù níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó, Àǹtí. Ibi ìjókòó ni kẹ́ ẹ rà, ẹ̀yìn gòólù pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó níbẹ̀.

Kìlíṣí àti pọ̀nmọ́, rárá o. Wọn kì í gba ẹran tàbí wàrà wọlé láti ìta Yúróòpù, wọ́n á gbà á dànù. Ẹja gbígbẹ ò láìfí, gàárì náà mo gbé e lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà kì í pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú sìtétímẹ́ǹtì ti ẹ̀yin méjèèjì dání, ká jọ wò ó kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.