Django, Laravel tàbí Next.js: èwo ni kí àwa mẹ́rin fi kọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn la wà, àwa mẹ́rin la jọ ń kọ kóòdù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ló gbéṣẹ́ fún wa: owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù, owó yíyá, onígbọ̀wọ́, èlé, àti àkọsílẹ̀ tí akápò máa ń tẹ̀ jáde ní ìparí oṣù. Inú Excel ni gbogbo rẹ̀ wà títí di báyìí.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èdè kóòdù PHP ni ti Laravel, Python ni ti Django, JavaScript ni ti Next.js. Àwa méjì gbọ́ PHP dáadáa. Ẹnì kan ti fi Django ṣiṣẹ́ rí. JavaScript ni àbúrò wa kẹrin mọ̀, Next.js ló sì ń pariwo, ó ní òun layé ń lò. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ọ̀kan. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé owó olówó ni.

OníPython:
Django ni o. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní Kansas ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, níbi tí iṣẹ́ kì í ti í lè dúró dọ̀la. Bí ẹ bá ti kọ model yín (àpèjúwe ohun tí ẹ máa tọ́jú sínú dátábéèsì) tán, tí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú admin, ìyẹn ojú ewé alábòójútó, ó ti fún akápò ní ibi tó ti lè wá orúkọ, kó sì ṣàtúnṣe, kí ẹ tó kọ HTML, kóòdù ojú ewé, kankan.

ÌyáÌbejì_dev:
Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, èmi náà ni mo sì ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Laravel ni kí ẹ lò. Mi ò sọ pé ó dára ju Django lọ o. Ẹ̀yin méjì lẹ gbọ́ PHP, ẹyọ ẹnì kan ló gbọ́ Python. Bí ẹni yẹn bá jápa lọ́la, tí ìpàdé ọdọọdún sì yí iye èlé padà, ta ni yóò wọ inú kóòdù náà?

Ní ti owó olówó, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí wà. Ká ní ₦200,000 ló kù fún ọmọ ẹgbẹ́ kan. Akápò ń fọwọ́ sí i pé kó gba ₦150,000. Akọ̀wé náà ti ṣí ojú ewé kan náà lórí fóònù rẹ̀, ó ń fọwọ́ sí ₦100,000. Kóòdù ka ₦200,000 fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó rí i pé owó tó, ó sì san méjèèjì. ₦250,000 ti jáde nínú ₦200,000 nìyẹn! Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú DB::transaction, tó ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọrí papọ̀ tàbí kó má yọrí rárá, kí ẹ sì fi lockForUpdate ti àkọsílẹ̀ ẹni yẹn pa kí ẹ tó kà á, kí ẹnì kejì lè dúró títí tẹni àkọ́kọ́ fi máa parí. Django náà ní transaction.atomic àti select_for_update, nítorí náà kò sẹ́ni tó ju ẹnì kejì níbẹ̀. Ẹ má sì fi float, irú nọ́ńbà onídẹ́símà tí kọ̀ǹpútà ń lò, tọ́jú owó láé. Kọ́bọ̀ ni kí ẹ fi kà á, ní odidi nọ́ńbà. Nínú float, 0.1 àti 0.2 kì í jẹ́ 0.3 géérégé, bí èlé bá sì ti ń gun orí èlé, ìwé akápò àti ti báńkì ò ní bára mu mọ́.

Next.js dáa, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fúnra yín ṣa ohun tí ẹ ó fi bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ẹ máa ṣa ti ìwọlé, ẹ máa ṣa ti queue, ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró de àyè, tó ń fi SMS ránṣẹ́. Laravel ti kó wọn wá. Ẹ tún ro ti olùkọ́ tó ń fi dátà tó rà fúnra rẹ̀ wo iye tó kù fún un: ojú ewé tí wọ́n fi Blade, irinṣẹ́ ojú ewé ti Laravel, ṣe kì í wúwo. Kí àbúrò yín fi Vue, irinṣẹ́ JavaScript kan, ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó yíyá, iṣẹ́ gidi ni. Ní ti pé ayé ń lò ó, ayé lo AngularJS, irinṣẹ́ JavaScript ti Google, náà. Nígbà tí Angular 2 dé ní 2016, kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àtúnkọ ló kù. Nígbà tí 2021 sì parí, Google dáwọ́ ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ dúró.

OníPython:
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti èèyàn, mà. Àmọ́ Django 5.2 tó jáde ní oṣù Kẹrin 2025, títí di 2028 ni wọ́n máa fi tún ibi tí olè lè gbà wọlé ṣe. Ọdún méjì péré ni ti Laravel. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò ní pe yín padà lọ́dọọdún.

ÌyáÌbejì_dev:
Òótọ́ lẹ sọ, ohun tó sì ń dùn mí lára Laravel gan-an nìyẹn. Àbúrò mi, ẹ kọ owó àtúnṣe ọdọọdún sínú àdéhùn kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ padà sí Django, kí ẹ̀yin méjì sì jókòó kọ́ Python kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun ọ̀gá. Mò ń pe akápò wọn lọ́la lórí àdéhùn yẹn.