Laptop tuntun, igun ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn: ṣé kí n dá a padà ni?

Onífọ́tò Ifẹ̀
Ẹ̀yin ará Oòdáyé, ẹ kú alẹ́ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọmọ tuntun tèmi sì ni laptop tí mo rà ní Lágéré lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni mo kó lé e, ₦640,000. Tuntun ni o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Èmi gan-an ni mo fa ọ̀rá ara páálí rẹ̀ ya.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lálẹ́ àná wọ́n múná lọ, mo jókòó sínú òkùnkùn, mò ń tún àwòrán bàbá ìyàwó kan ṣe. Ẹtù ni bàbá wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ẹtù, dúdú rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lápá òsì lókè, ṣe ni ẹtù bàbá ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti ń fọ̀ láti ayé Awólọ́wọ̀. Mo rò pé àwòrán ló bàjẹ́. Mo sún àwòrán náà sọ́tùn-ún, ibi tó ṣá kò bá a lọ. Ìgbà tí mo wá sọ gbogbo ojú rẹ̀ di dúdú ni mo rí i: ìmọ́lẹ̀ ń yọ ní igun òsì lókè bí ẹni pé ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ náà ń dán díẹ̀.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní gbogbo laptop ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kí n yéé wò ó nínú òkùnkùn. Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Ara rìsíìtì, wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ 7 ni àyẹ̀wò, wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà kò ní àbọ̀. Òní ni ọjọ́ kẹrin. Ṣé àbùkù ni, àbí èmi ni mò ń ṣe àṣejù?

Bọ̀ọ̀dá Mayfair
Àǹtí, ẹ kú ìnáwó. Laptop ni mò ń tún ṣe, ọdún 11 rèé, ẹjọ́ yìí sì ti dé iwájú mi láìmọye ìgbà.

Ojú laptop tó wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní LCD, kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iná ti ń wá. Gílóòbù LED kéékèèké ni wọ́n tò sí etí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí, ike pẹlẹbẹ kan sì ń pín ìmọ́lẹ̀ náà káàkiri. Ohun tó wà níwájú iná yẹn dà bí fèrèsé wíńníwínní tí kò lóǹkà. Tó bá jẹ́ funfun ni, fèrèsé á ṣí. Tó bá jẹ́ dúdú ni, á tì. Àmọ́ kì í tì pinpin. Ìdí nìyẹn tí dúdú laptop fi máa ń jọ eérú lóru. Tí férémù bá wá há a mọ́ níbì kan, tí wọ́n dè é ní sukurúù le jù, tàbí tí nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn fèrèsé ibẹ̀ á wọ́, iná á sì máa jò gba ibẹ̀ jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, jíjò iná ni à ń pè é.

Àmọ́ nǹkan méjì ló jọra, ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń sá sí. Irú ojú tí wọ́n ń pè ní IPS, òun gan-an ló dáa fún iṣẹ́ yín, torí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí pa dà téèyàn bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n igun rẹ̀ máa ń dán nínú òkùnkùn tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, àbímọ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ jẹ́ kí àwòrán dúdú kirikiri bo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ má gbé e dókè pátá o, kò sí laptop tí kò ní jẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ wá gbé orí sọ́tùn-ún, ẹ gbé e sósì, ẹ sún sẹ́yìn. Èyí tó bá ń bá orí yín rìn, tàbí tó rọlẹ̀ nígbà tí ẹ sún sẹ́yìn, dídán IPS ni. Èyí tó bá dúró sójú kan bí epo pupa lára aṣọ funfun, iná ló ń jò.

Tí ẹ bá máa yà á, ẹ ṣọ́ra fún kámẹ́rà fóònù. Nínú òkùnkùn, ńṣe ló máa ń fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Jíjò tó tó èékánná á dà bíi pé ilé ń jó. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà wálẹ̀ títí fọ́tò á fi jọ ohun tí ojú yín rí. Ṣé èmi ni máa kọ́ onífọ́tò ní fọ́tò!

Ọmọ Great Ife
Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi laptop mi wo bọ́ọ̀lù, àlàáfíà sì wà láàárín wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí tán, mo pa iná yàrá, mo sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tàn bí Lágéré lásìkò Kérésìmesì. Ẹ ti bá tèmi jẹ́ o.

Ìyá Ìbejì Mọdákẹ́kẹ́
Ṣé ẹ ti ṣí ọ̀rá tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kúrò ṣá?

Onífọ́tò Ifẹ̀
Mo ti ṣí i látọjọ́ Mọ́ńdè, mà. Ẹ ṣé.

Ọ̀gbẹ́ni Pàràkìn
Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: ẹ má fọwọ́ ara yín tún un ṣe. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ ra igun ojú laptop, tí wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ á rọlẹ̀. Mo rà á títí, kò rọlẹ̀. Mo wá tú férémù, mo dẹ sukurúù méjì lápá ibi tó ń jò. Jíjò náà dín kù lóòótọ́! Inú mi dùn títí mo fi ń pa férémù dé tí mo gbọ́ “kẹ́”. Ìlà dúdú kan là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e lọ bá ẹni tó tà á, ó yẹ ibi tí mo ti tú u wò, ó ní wàrántì ti kú. Kò purọ́. Ojú tuntun ni mo rà, owó rẹ̀ sì ń dùn mí títí dòní.

Onífóònù Sábó
Àwa tí à ń tajà náà ní ẹjọ́ tiwa o. Tí oníbàárà bá dá irú eléyìí padà, ẹni tó kó o fún wa ní Ìkẹjà lè ní òun ò gbà á, pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọrùn wa ló máa wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni yẹn fi sọ pé kí ẹ má wò ó nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mi ò gbè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ má lọ bá a jà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kó gbogbo ohun tó bá a wá dání: páálí, ṣájà, fóòmù, ìwé, títí kan ọ̀rá tí ẹ ya. Kí ẹ sì má béèrè owó. Ẹ ní kó bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Owó tó ti wọ àpò ontajà kì í fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ọjà fún ọjà, a lè gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ kan tó kù: kí ẹ tó lọ, ẹ kó àwòrán oníbàárà yín kúrò lórí rẹ̀. Èyí tí mo ti rí lórí fóònù tí wọ́n dá padà, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Akọ́fin Ẹnuwá
Ẹ̀bẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yín. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, fàyè gba oníbàárà láti dá ọjà tó lábùkù padà láàárín àkókò tó bójú mu. Ohun yòówù kí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rìsíìtì, kò lè pa ìyẹn rẹ́, FCCPC fúnra wọn ti ń pariwo rẹ̀ látìgbà yìí.

Ibi tó le ni pé jíjò iná kò ní òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ ojúàmì tó kú ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé wíńníwínní tí Bọ̀ọ̀dá Mayfair sọ, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kà á: tó bá ti pé iye báyìí, wọ́n á gbà á. Jíjò iná, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ojú tiyín àti tiwọn sì lè má rí bákan náà. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ní tí ẹ bá ti sọ fún ontajà ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà kò sì wúlò fún nǹkan ọ̀hún, ẹ lè dá a padà. Ṣé ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ fọ́tò ni?

Onífọ́tò Ifẹ̀
Mo sọ fún un! Orí WhatsApp ni mo ti bi í. Èsì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí: “Fún fọ́tò, eléyìí ni baba.”

Akọ́fin Ẹnuwá
Ẹ má pa á rẹ́ o.

Ọmọ Great Ife
Ẹ kúkú fowó kún un kí ẹ ra OLED. Kò ní iná lẹ́yìn, kí ló máa wá jò?

Bọ̀ọ̀dá Mayfair
Òótọ́ lo sọ. Ojúàmì OLED kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Tó bá ní òun dúdú, ó kú pátápátá ni. Ẹtù á jẹ́ ẹtù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì ní tirẹ̀: ohun tó bá dúró sójú kan níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè fi àpá sílẹ̀. Àwọn onífọ́tò, láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn àmì irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe kì í kúrò létí ojú laptop. Èmi ò ní kí wọ́n má rà á. Àjọ ọdún kan ni wọ́n sọ pé àwọn kó, ìwọ ń sọ pé kí wọ́n fowó kún un.

Onífọ́tò Ifẹ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo ti lọ, mo sì ti bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo yẹ̀ ẹ́ wò bí Bọ̀ọ̀dá Mayfair ṣe ní kí n ṣe. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ tí mo ti ń bú, IPS ni. Mo sún sẹ́yìn báyìí, ó pòórá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ti òsì lókè kò mira. Bí ahọ́n ló rí, ó gùn tó ìka mi, kódà nígbà tí mo fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó ṣì wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà ni mo dé Lágéré. Mo ti fi àwòrán dúdú àti àwòrán bàbá ẹlẹ́tù sórí fláàṣì. Mi ò pariwo. Ìṣòro tó kọ́kọ́ dé ni pé oòrùn kún ṣọ́ọ̀bù náà, a ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá náà ní, “Ṣé ẹ rí i?” Mo ní kó jẹ́ ká gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó páálí sí. Kò ṣókùnkùn tó, ni mo bá tú ìborùn mi, èmi àti òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wá kó orí sábẹ́ ìborùn bí ẹni tó ń fa àgbo oníooru símú. Ọmọọṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ó ń tàn o.” Ọ̀gá wò ó lójú, ọmọ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Mo fi ohun tó kọ sórí WhatsApp hàn án, mo ní mi ò gba owó, pààrọ̀ ni mo fẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé òmíràn sílẹ̀, a tún wọ abẹ́ ìborùn. Jíjò kò sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ojú funfun sí i, ojúàmì dúdú kan wà láàárín gbùngbùn bí eṣinṣin. Mo ní mi ò gba eṣinṣin. Ẹ̀kẹta ni mo gbé wálé. Igun rẹ̀ dán díẹ̀, mo sún sẹ́yìn, ó lọ. Ẹtù bàbá dúdú minimini.

Bí mo ṣe ń jáde lọ, ọ̀gá pè mí padà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi àwòrán dúdú yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù òun, òun fẹ́ yẹ ìyókù wò kí òun tó kó wọn tà.

Ọmọ Great Ife
Àǹtí, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́.