Ẹ sọ bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí sọ́fítíwíà tuntun níbi iṣẹ́ yín

Láti Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọjà inú páálí ni ilé iṣẹ́ wa ń pín kiri: ọṣẹ, mílíìkì, tòmátò agolo. Inú ìwé ńlá ni sítọ́ọ̀kípà ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà (IT) wá kọ̀wé pé ká ra sọ́fítíwíà tí yóò máa ka ọjà. Ìwé náà nípọn, ohun tí sọ́fítíwíà lè ṣe ló kún inú rẹ̀. Alága tó ń fọwọ́ sí ìnáwó kà á tán, ó ní: "Èló ló ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa báyìí tí a kò tíì rà á?" Kẹ́kẹ́ pa. Ó dá ìwé padà.

Ni wọ́n bá ké sí wa ní ẹ̀ka akáǹtì. Mo wọ sítọ́ọ̀ lọ, èmi àti sítọ́ọ̀kípà ń ka páálí níkọ̀ọ̀kan. Mílíìkì kan wà lẹ́yìn pátápátá, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ a ti ta èyí tó dé kẹ́yìn. Nínú ìwé, ọjà gidi ṣì ni. Ibẹ̀ lowó ti ń jò! A ṣírò irú èyí fún odidi ọdún kan, a fi ọjà tí a sọ fún oníbàárà pé kò sí, tó sì wà nílẹ̀, kún un. Iye yẹn la fi ṣíwájú ìwé kejì.

Owó rírà nìkan ni wọ́n kọ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, láísẹ́ǹsì ọdọọdún, ìyẹn owó àṣẹ láti máa lò ó, ńkọ́? Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ínfátà, dátà, kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọnú rẹ̀? Dọ́là sì lọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju bíi ₦470 lọ ní iye ti ìjọba; nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti lé ní ₦1,500. A kọ ìnáwó ọdún márùn-ún, a tún kọ ohun tí yóò jẹ́ bí dọ́là bá gbówó lórí sí i. Mo gbà pé ojú ewé yìí ló yí alága lọ́kàn padà.

Sọ́fítíwíà kékeré ni wọ́n fọwọ́ sí, fún sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo ná. Máníjà sítọ́ọ̀ ni yóò jíhìn fún un, IT yóò kàn máa ràn án lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an, torí òun lọjà ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Láti London:
Àǹtí wa, ẹ ṣeun. Kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni mo wà níbí. Green Book, ìwé ìlànà tí Ilé Ìṣúná ìjọba fi ń yẹ ìnáwó wò, la ń tẹ̀ lé: kí nìdí rẹ̀, ṣé òun ló sàn jù, ṣé a lè rí i rà, ṣé owó rẹ̀ wà, ta ni yóò mójú tó o. A sì gbọ́dọ̀ fi wé ká fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ló ń padà wò ó níbi tiyín bóyá èrè náà wọlé? Ibẹ̀ ló ti máa ń sú wa.

Láti Ìbàdàn:
Ódítọ̀ ni. Ó ń lọ ka páálí fúnra rẹ̀ lópin oṣù, ọ̀dọ̀ alága ló sì ń mú iye tó ń bọ́ sọnù lọ tààrà. Títí iye yẹn yóò fi wálẹ̀, kò sówó fún sítọ́ọ̀ kejì.