Ṣé "oògùn okun" ni, àbí àfikún awẹ́ amúaradàgbà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àríyànjiyàn.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́rẹ́ dábàá pé kí á máa pe lẹ́búlẹ́bú amino acid tí àwọn ọ̀dọ́ ń pò mu ní jíìmù l'Ádó ní "oògùn okun". Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, n ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú amino acid fúnra rẹ̀. Amúaradàgbà tí à ń pe protein ti di tiwa. Bí ẹ̀wà tàbí ẹja bá dénú, ara á là á sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń pa obì àbàtà, wẹ́wẹ́ yẹn sì ni amino acid. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí á pè é ní "awẹ́ amúaradàgbà"? Àwọn onígírámà ti lo ọgbọ́n yìí ṣáájú wa nínú awẹ́ gbólóhùn. Awẹ́ 20 ni ara fi ń kọ́ amúaradàgbà. 9 nínú wọn ni ara àgbàlagbà kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi kí á jẹ wọ́n. "Awẹ́ kòṣeémàní" nìyẹn. Leucine, isoleucine àti valine, tí wọ́n ń kọ BCAA fún lára ike, wà nínú wọn.

Okun tí ẹ̀gbọ́n lò dára ju "agbára" tí àbúrò kan kọ lọ. Ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan lágbára. Ẹni tó gun òkè Olóṣùnta láìmí hẹlẹhẹlẹ ló lókun. Èémí nìkan ni mo fi kún un: "okun èémí". Iye ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara lè lò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mílílítà mélòó fún kílógíráàmù ara kan ní ìṣẹ́jú kan. Mo pè é ní "òtéńté ìlò ọ́síjìn".

"Oògùn" ni mo ń bá jà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń jẹun kánú, kò sí ẹ̀rí tó dúró pé BCAA ń gbé òtéńté yẹn sókè. Eré sísá lemọ́lemọ́ ló ń gbé e. Beta-alanine, amino acid mìíràn tí wọ́n ń pò mu bẹ́ẹ̀, ń mú èròjà kan tó ń jẹ́ carnosine pọ̀ nínú iṣan, ó sì ń ká àsíìdì ibẹ̀ lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ líle tí kò ju ìṣẹ́jú 1 sí 4 lọ ló ń ràn lọ́wọ́ jù. Awọ ara sì máa ń ta ẹni tó bá lò ó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá pe ìyẹn ní oògùn okun lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbo, ta ni yóò tún béèrè ohun tó ń ṣe?

Ẹ ní "okun inú la fi ń gbé tìta" ló ti yín lẹ́yìn. Ṣebí iyán àti ọbẹ̀ tó ti wà níkùn ni òwe yẹn ń sọ! "Àfikún" tó o.

Ní ti beta-alanine àti citrulline, tí òun náà jẹ́ amino acid tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára ike ni kí á kọ ọ́, kí ẹni tó ń rà á lè mọ èyí tó mú lọ́wọ́.