Ère Màríà wà ní pálọ̀ wa, ìyá mi kọ̀, wọn ò jókòó

Ìyàwó Òkè-Fìà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Inú ìjọ CAC ni wọ́n bí mi sí níbí ní Òṣogbo, ọmọ Ìjọ Àgùdà sì ni ọkọ mi. Ó gbé ère Màríà sí igun pálọ̀ wa, ó máa ń tan àbẹ́là síwájú rẹ̀ lálaalẹ́, á wá ka rósárì.

Ìyá mi wá kí wa. Kí ẹ tó dá wọn lẹ́bi, ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀: ilé àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí bàbá wọn gba Jésù, wọ́n kó gbogbo ère ilé síta, wọ́n dáná sun ún. Àwọn ẹbí kan ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi dé. Bí Màmá ṣe rí ère yìí, wọ́n ní, "Àwọn tiwa tí a sun ńkọ́, tí o tún lọ gbé òmíràn wálé?" Wọn ò jókòó. Ọkọ mi náà ní òun ò ní gbé e kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọ̀rìṣà ni?

Arákùnrin Ìgbọ̀nà: Ẹ́kísódù 20:4-5. Má ṣe yá ère, má ṣe tẹrí ba fún un. Màmá yín jàre.

Olùkọ́ katikísíìmù, Jálèyẹmí: Arákùnrin, ẹ ka ìwé náà dé orí 25. Ọlọ́run kan náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì. Sólómọ́nì náà gbẹ́ kérúbù sára ògiri tẹ́ḿpìlì.

Ìjà yìí ti pẹ́. Ní Constantinople, olú ìlú ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà oòrùn láyé àtijọ́, wọ́n jà á fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fọ́ àwòrán, wọ́n fìyà jẹ àwọn mọ́ǹkì. Ìpàdé Nísíà kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ, ní 787, ló pinnu pé a lè bu ọlá fún àwòrán, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan la gbọ́dọ̀ sìn. Àlàyé Jòhánù ará Damásíkù, mọ́ǹkì tó gbèjà àwòrán nígbà ìjà náà, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: ẹnikẹ́ni ò lè ya Ọlọ́run tí a kò rí, ṣùgbọ́n nígbà tó di ènìyàn, tí wọ́n fojú rí i, ojú tí wọ́n rí yẹn ṣeé yà. Ìpàdé Trent, ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, náà sọ ní 1563 pé kò sí agbára nínú ère tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. A ń dọ̀bálẹ̀ fún Àtáọ́ja, a ò tìtorí ẹ̀ sọ Kábíyèsí di Ọlọ́run.

Onítẹ̀bọmi: Ẹ̀yin olùkọ́, òótọ́ ni ti kérúbù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà níwájú wọn bí ẹ ti ń ṣe níwájú ère Màríà. Ejò idẹ ni kí a wò. Ọlọ́run ló ní kí Mósè rọ ọ́ (Nọ́mbà 21), àwọn tí ejò bù jẹ wò ó, wọ́n sì yè. Nígbà tó máa fi di ayé Hesekáyà, wọ́n ti ń sun tùràrí sí i, ni ọba bá fọ́ ọ túútúú (2 Ọba 18:4). Ejò kan náà ni o! Ọkàn àwọn tó ń wò ó ló yí.

Àwọn tó ya kúrò nínú Ìjọ Àgùdà ti Róòmù pàápàá ò fẹnu kò. Zwingli, oníwàásù ní Zurich, àti ìgbìmọ̀ ìlú náà kó ère kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1524, Luther, tó ṣáájú ìyapa náà ní Jámánì, sì ti bá àwọn tó ń fọ́ ère ní Wittenberg wí ní 1522.

Arábìnrin, ẹ bi ọkọ yín: bí ère yẹn bá fọ́ lónìí, kí ló máa ṣe?

Ọmọ alágbẹ̀dẹ: Aṣírù Ọlátúndé, ará Òṣogbo wa níbí, lu ìtàn Bíbélì sára páànù. Lamidi Fakeye, Mùsùlùmí, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ṣe.

Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ọmọ mi, ẹsẹ Bíbélì kọ́ ló máa tán èyí. Kì í ṣe Màríà ni ìyá rẹ ń bínú sí. Ìyà tí bàbá wọn jẹ nítorí ère ni wọ́n rí. Kí ọkọ rẹ lọ bá wọn nílé, kó kúnlẹ̀, kó ní kí wọ́n sọ ti ọjọ́ tí wọ́n sun ère yẹn. Kó gbọ́ ọ tán kó tó sọ tiẹ̀. Bó bá yá, kó gbé ère lọ sí yàrá tó ti ń gbàdúrà. Gbogbo àlejò ló ni pálọ̀.

Ìyàwó Òkè-Fìà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo bi í bí Onítẹ̀bọmi ṣe wí. Ó ní bó bá fọ́, òun á sin àfọ́kù rẹ̀ sílẹ̀, òun á sì máa bá àdúrà òun lọ. Ìdáhùn yẹn tó mi. Ó ti gbà láti lọ rí Màmá ní Sátidé. Ní ti yàrá, ó ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ ná.