Gbàǹjo kọ́ o, ìnájà ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé "gbàǹjo" ni kí á fi túmọ̀ auction nínú ìwé kékeré tí a ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà ìdókòwò Chicago àti New York lórí fóònù. Wọ́n ní kí volume, ìyẹn iye ọjà tó tà, jẹ́ "ọ̀pọ̀", kí day trading, ìyẹn kí èèyàn rà kó sì tà lọ́jọ́ kan náà, jẹ́ "òwò òòjọ́". Àwọn kan ti kọ̀wé pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa gidigidi, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀.

Ta ni kò mọ gbàǹjo? Onígbèsè kò rí owó san, wọ́n kó àga àti fíríìjì rẹ̀ síta, ẹnì kan dúró lórí àpótí, ó ń pe iye, àwọn èèyàn ń fi owó lé owó títí ẹnì kan fi gbà á. Tàbí kí onísọ́ọ̀bù fẹ́ kó kúrò lójúlé, kó ní "gbàǹjo rèé o, ẹ wá kó o." Nínú méjèèjì, ẹyọ ẹnì kan ló ń tà, ọjà náà sì gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ ó kọ̀. Gbàǹjo ti ní òórùn ìpọ́njú lára. Ọmọ tó bá kà á nínú ìwé wa pé gbàǹjo ni gbogbo ọjà, á rò pé ẹ̀dínwó ni wọ́n ń pín kiri níbẹ̀.

Ohun tí àwọn ọlọ́jà Chicago ń pè ní auction yàtọ̀ sí i. J. Peter Steidlmayer ló gbé ọ̀nà kíkà rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1980. Inú agbo ìtajà Chicago Board of Trade, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1848 fún òwò ọkà, ló ti ń ṣòwò. Ohun tó rí níbẹ̀ kò le: owó á máa gòkè títí ẹni tó fẹ́ rà kò fi ní sí mọ́, á wá yí padà, á máa bọ̀ nílẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ tà kò fi ní sí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan lórí àpótí. Bí a bá gbé èyí síwájú ìyá mi, wọn ò ní pè é ní gbàǹjo láé. Wọ́n á ní "wọ́n ń nájà ni."

Nítorí náà, "ìnájà" ni tèmi. Ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ ìṣe "ná" ní wàhálà: a ń ná owó, a sì ń ná ọjà, ọ̀kan jẹ́ pé owó jáde lápò, èkejì jẹ́ pé a ṣì ń bá ara wa fà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìnáwó ti gba tirẹ̀ lọ, ìnájà sì dúró sí tirẹ̀, kò sí Yorùbá kan tó ń ṣi méjèèjì mú. Ẹ tún wo bí ó ṣe bí ọmọ tó kù fún wa: ohun tí ẹni tó ń tà dá lé ọjà ni "ìdíyelé", ohun tí ẹni tó fẹ́ rà sọ ni "iye tí a ná an." Ó wù mí díẹ̀ kí èyí kejì di "ìná," àmọ́ bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, iná ló máa jó gbogbo ojú ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ní gígùn bó ṣe wà.

Àti pé, kí n tó gbàgbé, ẹ yọ "alágbàtà" kúrò níbi tí ẹ ti ń sọ nípa broker. Alágbàtà ra ọjà, ó gbé owó lé e, ó tún un tà; owó ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, alárenà ni.

Ọ̀rọ̀ volume ló wá dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni ewu gidi wà. Nínú ẹnu ọlọ́jà, "ọ̀pọ̀" ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tipẹ́: òdìkejì ọ̀wọ́n ni. "Mo rà á lọ́pọ̀" kò túmọ̀ sí pé mo ra púpọ̀, owó pọ́ọ́kú ni mo fi rà á. Ẹ wá fojú inú wo gbólóhùn yìí nínú ìwé wa: "Bí owó bá gòkè pẹ̀lú ọ̀pọ̀." Kí ni òǹkàwé lásán fẹ́ gbọ́ nínú ìyẹn? Pé ó wọ́n, ó sì tún pọ̀? "Ìkún ọjà" tí àbúrò wa láti Òṣogbo mú wá sàn díẹ̀, torí lóòótọ́ la máa ń sọ pé ọjà ti kún. Ṣùgbọ́n ọjà lè kún fún èrò ìwòran. Gbogbo wa ti rí ọjọ́ tí èrò ń tì wá lápá lápá, tí àwọn ìyá ọjà sì ń sọ pé àwọn ò tíì rí tà.

Ohun tó yẹ kí á kà ni èyí tó ti tà, tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A ní "àjẹkù," a ní "àtàkù" fún ọjà tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Kí ló dé tí èyí tó lọ kò ní jẹ́ "àtàlọ"? Àtàlọ ni mo dábàá. Ó kúrú, kò jọ nǹkan míràn.

Mo ti dán an wò. Lóṣù tó kọjá mo jókòó ti aládùúgbò mi kan tó ń ta tòmátò ní ọjà Bódìjà, mo mú hóró àgbàdo dání nínú ike. Mo fi ẹfun kọ iye owó sára pákó, 1,500 náírà lókè, 700 nísàlẹ̀, gbogbo abọ́ tó bá sì tà, mo ju hóró kan síwájú iye tí wọ́n fi rà á. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ifá lẹ̀ ń dá ni?" Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, abọ́ 40 ló ti tà. Hóró 3 wà níwájú 1,500, 4 níwájú 1,400, 9 níwájú 1,300, 14 níwájú 1,200, 6 níwájú 1,100, 2 níwájú 1,000, 2 níwájú 700. Ìlà hóró náà yọ ikùn láàárín bí aboyún, ó tín-ín-rín lókè àti nísàlẹ̀.

Àwòrán tí àwọn ọlọ́jà Chicago ń wò nìyẹn gan-an, àfi pé kọ̀ǹpútà ló ń ju hóró tiwọn. Ibi tí hóró pọ̀ sí jù, 1,200, ni wọ́n ń pè ní point of control, mo ní kí á pè é ní "ojúkò." Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ojúkò, wọ́n á máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn títí àpapọ̀ á fi tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 40, 28 nìyẹn. 14 pẹ̀lú 9 jẹ́ 23, pẹ̀lú 6 jẹ́ 29, ó tó. Láti 1,100 sí 1,300 ni àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà jọ gbà lọ́jọ́ náà. Value area ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, "àjọgbà" ni mo pè é. Àwọn tó fẹ́ "àgbègbè ìníyelórí," ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ létí ọlọ́jà kan kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè nípa 700. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe iye, ilẹ̀ ló ṣú." Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá dé lọ́la tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè é ní 1,600 ńkọ́? "Mi ò ní kánjú tà. Mà á kọ́kọ́ wò ó. Bí wọ́n bá kàn ń béèrè tí wọn ò rà, á wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń kó o, ó ti wọ́n nìyẹn." Ẹ̀yin ará, mo ti ka ojú ìwé rẹpẹtẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Owó jáde kúrò nínú àjọgbà àná: bí àtàlọ bá tẹ̀ lé e, ó ń lọ, bí kò bá tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀ wálé. Ètò ọjọ́ náà nìyẹn.

Ẹnì kan bi mí pé lẹ́tà A, B, C tó wà nínú àwòrán Steidlmayer ńkọ́. Lẹ́tà kan ló ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ síwájú iye tí owó bá dé láàárín ìgbà náà. Ìyẹn ń ka bí owó ṣe pẹ́ tó níbì kan, kò ka iye ọjà tó tà níbẹ̀. Ẹ má ṣe pe ìyẹn ní àtàlọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti forex, tó jẹ́ pé òun gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń ṣe. Ọjà pàṣípààrọ̀ owó kò ní ilé ọjà kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí áàpù ń fi hàn nísàlẹ̀ àwòrán, tó kọ volume sí lára, iye ìgbà tí owó mì ni. Kò sọ iye tí wọ́n rà. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní "iye ìmì" kí ọmọ tó ń kà á má baà rò pé hóró àgbàdo lòun ń wò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Àwa ò ní láti bá wọn bò ó.

Nípa ìgbà tí ọjà bá ṣí: a kì í kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́jà láàárọ̀ láìsọ pé "ẹ kú ìpàtẹ o." Nítorí náà, "ìnájà ìpàtẹ" ni opening auction, "owó ìpàtẹ" sì ni iye tó bá jáde níbẹ̀. Ti New York ń wáyé ní agogo 9:30 òwúrọ̀ tiwọn, tó jẹ́ 2:30 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà tí ooru bá mú níbẹ̀, 3:30 nígbà òtútù. Wọ́n á ti kó àṣẹ rírà àti àṣẹ títà jọ, wọ́n á wá mú iye kan ṣoṣo tí ọjà tó pọ̀ jù á fi lè tà.

Ti ìparí ló ń dà wá láàmú. "Ìpalẹ̀mọ́" kò ṣeé lò, torí a máa ń palẹ̀ mọ́ de ọdún pẹ̀lú. Kò jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá à ń bẹ̀rẹ̀ ni tàbí à ń parí. "Ìtúká" ni mo fi sínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, nítorí a máa ń sọ pé ọjà ti tú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní, "Ṣé ọlọ́pàá ló lé wọn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ mi ò tíì rí èyí tó sàn jù ú.

Ibi tí mo ti jèrè nínú ìnájà ìtúká rèé. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọjà New York parí, ilé ọjà á máa kéde bóyá àṣẹ títà ló ṣẹ́ kù tí kò rí olùrà, tàbí àṣẹ rírà ló ṣẹ́ kù tí kò rí olùtà. Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní imbalance. Àwa ní "àtàkù" nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, "àràkù" kàn jókòó tì í ni.

Ó ku "òwò òòjọ́." Iṣẹ́ òòjọ́ ni iṣẹ́ tí èèyàn fi ń jẹun. Bí a bá kọ òwò òòjọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, a ti bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣèlérí oúnjẹ nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa pàdánù owó kí wọ́n tó mọ nǹkan kan. Ohun tó ya òwò yìí sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tà á kí ọjà tó parí; kì í gbé e sùn. Ìyá olótòmátò ti sọ ọ́: "Tòmátò mi kì í mọ́jú." Òwò àìmọ́jú ni.

Mo tún rí "òfin 80" nínú ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn oníṣòwò ló máa ń sọ pé bí owó bá ṣí níta àjọgbà àná, tó wá wọlé padà, tó sì dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú méjì léra léra, ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa la àjọgbà náà já dé òdìkejì. Ẹ má pè é ní òfin. Òfin ni ohun tí wọ́n ń mú èèyàn lé lórí. Mo ti yí i sí "àkíyèsí àwọn àgbà ọjà," mo sì yọ 80 kúrò nínú àkọlé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Pọ̀bẹ̀, kí ni àwọn ìyá ọjà yín ń sọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dìde? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lọ́dọ̀ yín tí kò mú ọlọ́pàá dání, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èmi á tún ẹ̀dà náà kọ lópin ọ̀sẹ̀, mà á sì fi fọ́tò pákó náà pẹ̀lú hóró rẹ̀ sínú rẹ̀.