Ìwé ni wọ́n ní ká kà, kí ló kan gbẹ́rẹ́ ọwọ́ mi?

ỌmọÌsánlú kọ:

Òkun o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọdún kejì ni mo wà níléèwé, Kàbbà níbí, lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́. Ní sìmẹ́sítà yìí wọ́n ní ká ka ìwé mẹ́ta, Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe ẹ̀, Second-Class Citizen ti Buchi Emecheta, àti Purple Hibiscus ti Chimamanda Adichie, ká wá kọ ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe lára wa, ojú ewé méjì méjì. Olùkọ́ wa ní àwọn ò fẹ́ àkópọ̀ ìtàn, àwọn ò fẹ́ ohun tá a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tiwa làwọn fẹ́.

Aké ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kà á dáadáa o. Fọ́tòkọ́pì tí èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé yàrá dá owó ẹ̀ ni, àwọn ojú ewé kan tiẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àfìgbà tá a lọ wo ti ẹlòmíì. Mo wá kọ ọ́ lọ rẹrẹẹrẹ: bàbá ẹ̀ tó jẹ́ hẹ́máàsítà, ìyá ẹ̀ tó ń pè ní Wild Christian, bó ṣe kó ìwé bàbá ẹ̀ mọ́ra tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ síléèwé nígbà tí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, bó ṣe tẹ̀lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè títí tó fi rìn jìnnà sílé, títí dórí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n gbógun ti Aláké nítorí owó orí. Lójú mi mo ti ṣe gudugudu méje. Ìgbà tí ìwé padà dé, 11 nínú 30. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Mo ti ka ìwé yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Ìwọ dà níbẹ̀?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀, mo mọ ibi tí mo wà níbẹ̀. Ibì kan wà nínú ìwé yẹn tí ọmọ náà lọ sí Ìsarà lọ́dọ̀ bàbá bàbá ẹ̀, tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tọ́ nínú ọgbà míṣọ́n o! Nígbà tí mo débẹ̀ ṣe ni mo pa ìwé dé. Èmi náà ní mẹ́ta lọ́rùn ọwọ́ òsì, kékeré ni, tó ò bá wò ó dáadáa o ò ní rí i. Bàbá àgbà mi ló sín in nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn lèmi mọ̀. Aago ni mo fi ń bò ó. Aago yẹn ti kú látìgbà tí mo wà ní SS2, mo ṣì ń dè é mọ́wọ́, tí ẹnì kan bá bi mí pé aago mélòó ló lù, màá wo fóònù.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi fúnra mi ń kọrin ní fẹ́lóṣíìpù. Olùkọ́ wa sì máa ń ka èyí tó bá dáa sókè fún kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ìdajì kíláàsì la jọ ń ṣe fẹ́lóṣíìpù. Ìdí tí mo fi kọ "wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un" ní ìlà kan tí mo sáré kọjá nìyẹn. Wọ́n ti ní kí n tún un kọ, Mọ́ńdè ni màá fi sílẹ̀. Ṣé dandan ni kéèyàn kó ọ̀rọ̀ ilé wọn jáde kó tó rí máàkì gbà? Àbí kí n lọ wá ibòmíì nínú ìwé náà tí ò kàn mí tó bẹ́ẹ̀?

TíṣàMọ́pà fèsì:

Àbúrò, òkun. Má wá ibòmíì. Ibi tó o ti pa ìwé dé yẹn gan-an ni wọ́n ń bi ẹ́.

Ohun tó bà ẹ́ jẹ́ ni pé o fẹ́ kó gbogbo ìwé sínú ojú ewé méjì. Ojú ewé kan ni kó o mú, tó bá ṣeé ṣe, ìlà mẹ́rin péré. Jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Aké, ibi àwọn obìnrin yẹn, bí ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ṣe kà á: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó ṣáájú wọn, owó orí, Aláké Adémọ́lá tó kúrò lórí oyè ní 1949, mo kọ ọ́ síwèé nóòtì, ó parí. Ìgbà tí mo tún un kà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọdé yẹn wà láàárín àwọn ìyá wọ̀nyẹn tó ń jíṣẹ́ fún wọn, tó tún ń bá wọn kọ́ ìwé kíkà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà mi ní Mọ́pà. Àbúrò bàbá mi ló máa ń kọ ọ́ láti Kàdúná, ibi tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ pé kí wọ́n fi pàṣán tọ́ mi, ṣe ni mo máa ń fò ó. Ìyá àgbà á ní, "Ṣé ó parí bẹ́ẹ̀ ni?" Màá ní ó parí, mà. Mo lágbára lórí arúgbó yẹn, mi ò sì mọ̀ pé agbára ni títí mo fi ka ìwé ẹni ẹlẹ́ni.

Ṣé o rí i, mi ò sọ orúkọ ẹnì kankan, mi ò sọ àṣírí ilé wa kan. Ìwọ lo máa pinnu ibi tí ilẹ̀kùn máa ṣí dé. Kó o má kàn ṣe bí ẹni pé kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Tún rántí pé Ṣóyínká ò kọ ọ́ lọ́mọdé o, wọ́n bí i ní 1934, ìwé yẹn jáde ní 1981. Àgbàlagbà ló jókòó tó ń ṣa èyí tó máa sọ.

Ajíhìnrere_Ẹ̀gbẹ́ fèsì:

Arábìnrin, 11 nínú 30 kọ́ ló yẹ kó máa dùn ẹ́. Àwọn nǹkan tí wọ́n sín síni lára wọ̀nyí, ìpìlẹ̀ ni, ó sì yẹ kó o rí pásítọ̀ ẹ kíákíá kí wọ́n gbàdúrà sí i. Má fi kọ̀wé rárá.

TíṣàMọ́pà fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ asáìnmẹ́ǹtì ló bi wá.

ÀgbàỌjàKàbbà fèsì:

Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ irú asáìnmẹ́ǹtì yìí. Nígbà tiwa, kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, ìlò èdè, ó tán. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí ni ìwé ṣe lára wa, tí wọ́n bá bi èmi ni, màá ní ó fún mi ní ẹ̀fọ́rí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ ò kàwé mọ́, ara wọn ni wọ́n ń kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé tiẹ̀ wá kí n bá òun wò ó, Purple Hibiscus yìí náà ni, ojú ewé méjì gbáko, ọ̀rọ̀ bàbá tiẹ̀ ló kọ, kò dárúkọ Kambili, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, lẹ́ẹ̀kan péré. Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó kọ ọ́ pé "bàbá Chimamanda da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀." Mo ní ah! Bàbá Chimamanda, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ní yunifásítì Nsukka nígbà ayé wọn, ìwọ lo fẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́ yìí? Eugene, bàbá Kambili, ló da omi, inú ìtàn ni Eugene sì wà, àròsọ tó jáde ní 2003 ni. Pé Kambili ń sọ "èmi" kò sọ ọ́ di òǹkọ̀wé. Ti Aké yàtọ̀, ẹni tó ń sọ "èmi" níbẹ̀ ń sọ pé èmi Wọlé ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó máa sunkún.

ÌyáÌbejì_Lọ́kọ́jà fèsì:

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ Emecheta ò jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Àròsọ ni wọ́n pe Second-Class Citizen nígbà tó jáde ní 1974, síbẹ̀ ibi tí Francis ti dáná sun ìwé tí Adah ìyàwó ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, ọkọ Emecheta ṣe é fún òun náà lójú ayé. Wọ́n sun ún, ó tún un kọ, The Bride Price tó jáde ní 1976 nìyẹn.

Mò ń ṣe part-time, ọmọ méjì lẹ́yìn, òru ni mo máa ń kàwé nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Nígbà tí mo dé ibi iná yẹn, ìtàn tèmi dé. Mo wà ní JSS3 ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, mo ní ìwé nóòtì kan tí mo ń kọ ìtàn ọmọ ọba kan sí, ojú ewé ogójì ó lé. Lọ́jọ́ kan wọ́n rán mi ní àkàrà níwájú ilé, ìyá mi ló ń dín in. Mo ṣí bébà tí wọ́n fi wé e, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi, epo ti gba inú ẹ̀ kọjá, a ò rí nǹkan kà mọ́ ju "ọmọ ọba náà sì" lọ. Mo jẹ àkàrà yẹn náà o, ebi ń pa mí.

Mo wá kọ ọ́ sínú asáìnmẹ́ǹtì mi pé èmi àti Adah, bákan náà ló ṣe wá. Olùkọ́ mi fa ìlà sí i, wọ́n kọ "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ronú títí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Francis mọ ohun tó ń sun. Ìyá mi ò mọ̀wé, bébà ni bébà lójú wọn, àkàrà tí wọ́n ń fi bébà wé yẹn náà ni wọ́n sì ń tà tí wọ́n fi san owó ilé ìwé mi. Mi ò ní ẹni tí màá bínú sí bí Adah ṣe rí Francis bínú sí, ohun tó ṣì ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Ìgbà tí mo kọ ìyẹn ni máàkì gòkè. Nítorí náà àbúrò mi, wo ibi tí gbẹ́rẹ́ tìẹ àti tiẹ̀ ti jọra, kó o wá wo ibi tí wọn ò ti jọra.

ỌmọÌsánlú fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Tíṣà, ẹ ṣeun, sà. Bàbá Kàbbà, mo gbọ́, mo ti dárúkọ Ìsarà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èyí ni mo kọ ní ìbẹ̀rẹ̀: "Ọmọ inú Aké mọ̀ pé wọ́n ń sín òun ní gbẹ́rẹ́. Ó rí abẹ, ó rí ojú bàbá àgbà ẹ̀, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò rántí nǹkan kan. Ara mi mọ ohun tí mi ò mọ̀, mo sì ń fi aago tó ti kú bò ó."

Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú, mo bá pe ìyá mi lálẹ́ àná. Mo ní, "Mọ̀mí, gbẹ́rẹ́ tí bàbá àgbà sín fún mi, ṣé ẹ mọ̀ sí i?" Wọ́n dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní ara mi ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, a ti lọ sí ọsibítù, a ti gbàdúrà, òru ọjọ́ karùn-ún làwọn fúnra wọn pọ̀n mí lọ bá bàbá, àwọn làwọn di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní asáìnmẹ́ǹtì ni. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kọ tèmi náà sí i ni?" Mo ní rárá, mà.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.